Àgbà Kì í Wà Lọ́jà: Tọkọtaya Àgbàlagbà Lẹ́nu Iṣẹ́ Míṣọ́nárì Nílẹ̀ Òkèèrè

Nínú àwọn òwe tí Yorùbá fi ń rán àgbàlagbà létí ojúṣe rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu jù ni èyí tó sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òwe tí wọ́n sábà máa ń pa nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹbí, tàbí tí aáwọ̀ bá wọ inú ẹgbẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Lílò tí wọ́n ń lò ó báyìí kò burú, ṣùgbọ́n ó ti mú kí òwe náà dà bí ọ̀rọ̀ àṣẹ létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ẹni pé kí àgbà jókòó sórí àga kí ó sì dájọ́ ni gbogbo ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ yẹ òwe náà wò, a ó rí i pé kò sí ìdájọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọjà ló wà níbẹ̀, ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ìyá pọ̀n sẹ́yìn, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, tí orí rẹ̀ sì ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìyá ti ń ná ọjà lọ́wọ́. Ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ rí ohun tí ìyá kò lè rí, nítorí pé ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ wà.

Ohun méjì ni òwe yìí ń béèrè lọ́wọ́ àgbà, ọ̀kan nínú wọn sì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Èkíní ni pé kí ó wà lọ́jà, nítorí àgbà tó jókòó sílé, bó ti wù kí ó gbọ́n tó, kò lè tún orí ọmọ kankan ṣe. Èkejì, tí wọ́n ń gbàgbé, ni ìwọ̀n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe: ó lè fọwọ́ kan orí ọmọ náà kó gbé e sípò, tàbí kí ó pe ìyá pé kí ó tún un pọ̀n, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tú ọ̀já ìyá kí ó wá gbé ọmọ náà pọ̀n sẹ́yìn ara rẹ̀. Ìyá ló lọmọ. Àgbà yóò tún orí ṣe, yóò sì bá ọjà tirẹ̀ lọ.

Ọ̀ràn ìgbà tiwa kan wà tó lè la òwe yìí yéni ju ìjà ẹbí lọ, ìyẹn ni ìgbésí ayé ojoojúmọ́ àwọn tọkọtaya àgbàlagbà tí Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ìjọ Mọ́mọ́nì, máa ń rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti olú ilé iṣẹ́ wọn ní Salt Lake City, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Àwọn míṣọ́nárì ìjọ yìí tí ojú mọ̀ jù ni àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń rìn ní méjì-méjì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, tí wọ́n sì lẹ orúkọ wọn mọ́ àyà. Láti ọdún 2012 ni àwọn ọkùnrin wọn ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọmọ ọdún 18, ọdún 2 ni wọ́n sì ń lò. Ti àwọn tọkọtaya àgbà yàtọ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ọmọ ti kúrò lábẹ́ òrùlé wọn, tí dókítà sì ti jẹ́rìí sí i pé ara wọn gbà á. Wọ́n lè lọ fún oṣù 6, wọ́n sì lè pẹ́ tó oṣù 23. Ìjọ kò san owó oṣù fún wọn. Owó ìfẹ̀yìntì wọn àti èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ ni wọ́n fi ń san owó ilé tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n sì fi ń jẹun.

Ẹni tó bá rò pé ìwàásù ni iṣẹ́ wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́ yóò yà á lẹ́nu bí ó bá rí bí ọjọ́ kan wọn ti ń lọ. Ètò àkókò tí àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé lójoojúmọ́ kò de àwọn àgbà yìí, wọn kì í sì í sábà kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ohun tó ń kọ́kọ́ gba àkókò wọn ní ilẹ̀ olóoru ni ohun tó ń gba àkókò gbogbo arúgbó: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún tó ń dunni, omi mímu tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sẹ́, àti iná mànàmáná tó lè wà tàbí kó má sí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò lọ sí ọ́fíìsì míṣọ̀n, ìyẹn ọ́fíìsì tí a ti ń darí gbogbo míṣọ́nárì tó wà ní agbègbè kan. Níbẹ̀ ni ọkọ yóò ti máa wo ìwé ọkọ̀ tó fẹ́ẹ́ kọjá àkókò, owó ilé àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ ní sísan, àti ìwé ìgbélùú tí a gbọ́dọ̀ lọ tún gbà lọ́dọ̀ ìjọba, nígbà tí ìyàwó, pàápàá bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó fẹ̀yìn tì, yóò máa gbọ́ tẹlifóònù láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní ìlú tó jìnnà, tí ìyá rẹ̀ gan-an wà ní ilẹ̀ mìíràn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, èyí tó sún mọ́ òwe wa jù ni àbẹ̀wò sí ilé àwọn ọ̀dọ́. Tọkọtaya àgbà a máa wọ ọkọ̀ lọ láti ilé dé ilé, wọn a wò bóyá àwọ̀n ẹ̀fọn ṣì wà lórí ibùsùn tàbí wọ́n ti ká a jọ sí igun yàrá, bóyá asẹ́ omi mọ́, bóyá gáàsì ìdáná kò jò, bóyá oògùn tí ó yẹ kí wọ́n máa lò fún ibà ń dín kù nínú ìgò tàbí ó wà bí wọ́n ti fún wọn. Ọmọ ọdún 19 kan tó ń ronú nípa iṣẹ́ Ọlọ́run kò ní rántí àwọ̀n ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwà búburú ló fa ìgbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yìn ló gbé ọ̀rọ̀ náà sí, ojú rẹ̀ kò sì tó ibẹ̀. Kò sí ẹni tó máa kọ ìtàn irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Síbẹ̀ ibà kì í bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń wàásù.

Àwọn tọkọtaya mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun kì í ṣe òwe lọ́wọ́ wọn. Àjọ ìrànlọ́wọ́ ìjọ yìí wà lára àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ètò Helping Babies Breathe, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010 lábẹ́ ìdarí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà, tí ó ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí wọ́n ṣe lè ran ọmọ tí a bí tí kò mí lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó dé ayé: kí wọ́n nu ún gbẹ, kí wọ́n pa á mọ́ra kí òtútù má mú un, kí wọ́n sì fi báàgì kékeré àti ìbòmú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú bí ó bá ṣì dákẹ́. Dókítà tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀ lè lo oṣù púpọ̀ lẹ́nu irú ẹ̀kọ́ yìí láìgbẹ̀bí ọmọ kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn agbẹ̀bí ìlú náà ni wọ́n ń kọ́, kí àwọn wọ̀nyẹn lè kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí dókítà náà bá ń gba iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, ọjọ́ tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé ni ẹ̀kọ́ náà yóò tán.

Ṣùgbọ́n òwe yìí kì í ṣe ìyìn lásán, ó lè di ẹ̀sùn pẹ̀lú, ìtàn ìjọ yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà sì fi í hàn. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni àwọn ènìyàn ní ìlà oòrùn Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n rán ènìyàn wá kọ́ wọn, àwọn mìíràn sì ti ń pe ìjọ tiwọn ní orúkọ ìjọ náà kí míṣọ́nárì kankan tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ìjọ náà rán, LaMar Williams, wá wò wọ́n ní ọdún 1961, wọ́n sì ń gbèrò láti dá míṣọ̀n sílẹ̀. Òfin kan wà nínú ìjọ náà nígbà náà, tí kò jẹ́ kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú gba oyè àlùfáà, èyí tí gbogbo ọkùnrin mìíràn nínú ìjọ ń gbà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan tó wà ní Amẹ́ríkà, Ambrose Chukwu, kọ nípa òfin náà sínú ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní ọdún 1963, ìjọba kò fẹ́ fún wọn ní físà mọ́, ètò náà sì forí ṣánpọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ní Cape Coast ní Gánà, Joseph William Billy Johnson ń kó ìjọ jọ láti ọdún 1964. Ní ilẹ̀ Mbaise ní Nàìjíríà, Anthony Obinna àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń kọ lẹ́tà. Àwọn ìyá ọmọ ń ṣe gbogbo ohun tí agbára wọn ká, àgbà ni kò sí lọ́jà, òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ló sì há a mọ́ ilé. Ẹni tó bá ń yin iṣẹ́ àwọn tọkọtaya tó dé lẹ́yìn náà láìmẹ́nu ba èyí, ìdajì ìtàn ló ń sọ.

Oṣù Kẹfà ọdún 1978 ni ìjọ náà pa òfin yẹn rẹ́. Kí ọdún náà tó parí, tọkọtaya méjì ni wọ́n rán wá sí Nàìjíríà àti Gánà: Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Edwin Cannon àti Janath ìyàwó tirẹ̀. Mabey ti di ẹni 70 ọdún. Agbẹjọ́rò ni, ó sì ti ṣe òṣèlú ní ìpínlẹ̀ Utah, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ gómìnà rí. Janath Cannon wà lára àwọn aṣáájú Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ náà jákèjádò ayé, kí ó tó fi ipò yẹn sílẹ̀ láti wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣèrìbọmi fún Obinna àti àwọn mìíràn, tí gbogbo wọn jẹ́ ènìyàn 19, nínú odò Ekeonumiri. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi Obinna ṣe ààrẹ ẹ̀ka ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn àbúrò rẹ̀ méjì di olùdámọ̀ràn rẹ̀, tí Fidelia ìyàwó rẹ̀ sì di olórí àwọn obìnrin. Àwọn àlejò náà kò sọ pé kí Obinna ṣì dúró ní ìdí ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó dé láàárín oṣù kan kò lè mọ ẹbí tó ń bá ẹbí jà ní abúlé, tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ ènìyàn létí. Láàárín ọdún kan tí wọ́n lò, àwọn tó ṣèrìbọmi ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ju 1,000 lọ, iye tí arúgbó mẹ́rin kò lè bójú tó bí wọ́n bá fẹ́ pọ̀n gbogbo wọn sẹ́yìn ara wọn.

Ìbéèrè kan kù tí òwe náà kò dáhùn, òun ni pé ta ló ń wo orí ọmọ tuntun nílé àgbà tó lọ sí ọjà ọlọ́jà. Àwọn àgbàlagbà Yorùbá náà ń rìnrìn àjò lóde òní, wọ́n ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston láti lọ wẹ ọmọ tuntun fún àwọn ọmọ wọn, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ìdí, nítorí ọmọ-ọmọ tiwọn ni. Tọkọtaya míṣọ́nárì ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n fi ọmọ-ọmọ tiwọn sílẹ̀ fún oṣù 18 láti lọ wo ọmọ ọlọ́mọ, ojú fóònù ni wọ́n sì ti ń rí ìgbéyàwó, eyín àkọ́hù àti ìsìnkú. Ìjọ gbà wọ́n láyè láti lọ sílé fún ọjọ́ díẹ̀ bí ọ̀ràn ńlá bá ṣẹlẹ̀, lórí owó ara wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ náà kò kún àlàfo kankan. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀bùn gidi tó wà nínú iṣẹ́ wọn ni èyí, ju owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ná lọ, kò sì dájú pé gbogbo àwọn ọmọ wọn ló fara mọ́ ọn.

Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí àwọn Mabey àti àwọn Cannon lọ tí wọ́n fi dá èèkàn àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Aba, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1988. Èèkàn ni wọ́n ń pe àkójọpọ̀ àwọn ìjọ tó wà lábẹ́ ààrẹ kan, David Eka, ọmọ Nàìjíríà, ni wọ́n sì fi jẹ ààrẹ náà. Láti ìgbà yẹn ni ipò àwọn tọkọtaya àgbà tó ń ti òkè òkun wá ti yí padà. Bí wọ́n bá dé Èkó, Ìbàdàn tàbí Ẹnugu lónìí, ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n lè bá nípò olórí míṣọ̀n, ẹni tó lè kéré sí wọn ní ogún ọdún, òun ni yóò yan ibi tí wọn yóò máa gbé àti iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Bí bàbá ẹni 72 ọdún kan nínú wọn bá ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ kan kò dára fún ìrìn àjò mọ́, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì olórí náà, yóò sì dúró de ohun tí ó bá sọ.