Bọ́ọ̀lù Kọ́ Ló Ń Dí Ọmọ Lọ́wọ́ Ìwé

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ àwa òbí àti olùkọ́ ilẹ̀ Yewa lára, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí dé ẹnubodè: pé ọmọ tó bá gbé bọ́ọ̀lù sórí ò lè mọ̀wé. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ò bá lè ka ojú ewé kan tán, bọ́ọ̀lù la ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ká fún un ní ìwé ìtàn bọ́ọ̀lù tó rọrùn-ún kà, a ó ní eré nìyẹn, ìwé tó rọrùn ń sọ ọmọ dọ̀lẹ. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó lọ́pọlọ gbà pé olódo làwọn.

Ẹ lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà: ẹgbẹ́ méjì, aago, owó ìwọlé. Ọmọ tí ẹ ní kò mọ̀wé yẹn á dúró níwájú ẹ̀, á kà á já, á sì bá ẹni tó kọ ọ́ jà bó bá ṣi aago kọ. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù bí Osimhen ò sí nínú ìwé Aláwìíyé, síbẹ̀ kò ní ṣì í kà. Ohun tó ń kà ló yé e.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ojú nìkan kọ́ la fi ń kàwé. Ohun tá a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń bá wa gbé ìyókù. Ní 1988, Donna Recht àti Lauren Leslie dán èyí wò ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọmọ ilé-ìwé 64. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà ka ìtàn ìdíje baseball kan, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tí ìwé kíkà nira fún, àmọ́ tí wọ́n mọ baseball dáadáa, lóye ìtàn náà ju àwọn ọ̀jáfáfá tí kò mọ eré ọ̀hún lọ.

Kí là ń gbé fún àwọn ọmọ tiwa? Ìwé ọmọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ya ewúrẹ́ àti bàtà sí. Ọmọ tí irùngbọ̀n ti ń hù á yáa jù ú sábẹ́ tábìlì kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìwé tí mò ń sọ ò rí bẹ́ẹ̀. Báyìí ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀: “Ìṣẹ́jú méjì ló kù. Góòlù kan ni Ayétòrò fi ń léwájú. Káyọ̀dé gbójú sókè. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀.” Gbólóhùn kúkúrú, lẹ́tà gbàǹgbà, àmì ohùn pé lórí ọ̀rọ̀ kí ọmọ má baà máa méfò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ́ tọmọdé. Ẹ kọ ọ́ nípa kóòṣì tó ń dín ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ kù. Ẹ kọ ọ́ nípa gbájú-ẹ̀ tó gbowó lọ́wọ́ ìyá ọmọ, pé òun á mú ọmọ náà gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kọjá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Kútọnu, tí kò sì sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ kọ tọmọbìnrin náà: ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà.

Àlá kọ́ ni. Láti 1998 ni ilé-iṣẹ́ Barrington Stoke, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Edinburgh, ti ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára. Tom Palmer kọ ìtàn bọ́ọ̀lù fún wọn. Bébà wọn nípọn, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn má baà hàn síwájú.

Ní ti ọ̀lẹ tí wọ́n ń wí: òkúta méjì la fi ń ṣe ojú góòlù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bọ́ọ̀lù, kò sì sẹ́ni tó ní ìyẹn sọ ọ́ dọ̀lẹ. Ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì pé bọ́ọ̀lù àti ìwé lè jọ rìn, kó rántí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn, tó sì gbá góòlù méjì wọlé Algeria ní 1980, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà.

Àwa ará Yewa ló sì yẹ ká tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1963 ni wọ́n dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀nà tí ọmọ ń gbà gbọ́n pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Yorùbá kọ, ẹ kọ ìwé wọ̀nyí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé e lọ sílé, ẹ má sì bi í ní ìbéèrè kankan títí tó fi máa kà á tán.