Ẹ Yéé Pè É ní Ìgbéraga

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan bá fi ayò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣíwájú, tí àwọn alátakò wọn sì lé wọn bá, tí wọ́n borí wọn ní ìlàjì kejì, ìwàásù kan náà ni a ó gbọ́. Wọn a ní ìgbéraga ni. Wọn a ní ọ̀lẹ ni, wọn a ní ojo ni. Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Mo mọ olùkọ́ni kan tí ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ sáré yí pápá ká nínú oòrùn ní ọjọ́ kejì irú eré bẹ́ẹ̀, kí ìgbéraga lè jáde lára wọn. Ó dá mi lójú pé òògùn náà kò bá àìsàn mu.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1996. Utah Jazz ni onílé, Denver Nuggets ni àlejò. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, Denver ti ní 70, Utah ní 36. Ní ìlàjì kejì, 33 péré ni Denver tún rí. Utah rí 71. Onílé ni ó borí, 107 sí 103. Ẹ̀yin oníwàásù, ẹ dá mi lóhùn: kí ni Denver ní tí wọn ó fi gbéraga? Nínú eré 82 tí wọ́n gbá ní sáà náà, 61 ni wọ́n pàdánù! Utah borí nínú 64 ní tirẹ̀. Ìlàjì àkọ́kọ́ gan-an ni ohun àrà. Bọ́ọ̀lù ń wọlé fún àwọn aláìní, ó ń kọ̀ fún àwọn ọlọ́rọ̀. Irú oríire bẹ́ẹ̀ kì í sì í bá ènìyàn sùn mọ́jú.

Ẹnì kan lè wí pé Denver kò lágbára ni. Ó dára. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2019, Golden State Warriors, tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún tí ó ṣáájú, fi ayò 31 ṣíwájú Los Angeles Clippers ní abala kẹta nínú mẹ́rin. Clippers borí wọn, 135 sí 131. Lou Williams, ẹni tí orí ìjókòó ni ó wà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ju 36 nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń ka ayò 3 fún ẹni tí ó bá ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ọ̀nà jíjìn, nítorí náà ayò 31 kò ju jíjù mọ́kànlá lọ. Ní ayé òde òní, ọwọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tẹ bọ́ọ̀lù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà nínú eré kan; ó sì kù ju ìdá mẹ́ta eré lọ. Àlàfo tí ó dà bí òkun lójú òǹwòran, odò tí a lè là kọjá ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí. "Wọ́n ń borí" kì í ṣe "wọ́n ti borí". Ẹni tí ó bá fi "ti" sí ibi tí "ń" yẹ kí ó wà nínú ìdánwò, ẹ mọ máàkì tí yóò gbà. Síbẹ̀, bí a bá dé ẹ̀gbẹ́ pápá, "ti" ni gbogbo wa ń pariwo, pẹ̀lú ìṣẹ́jú ogún lórí aago.

N kò sọ pé àwọn tí ó ń ṣíwájú kì í ṣẹ̀. Wọ́n ń ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò jọ ìgbéraga rárá. Ìṣọ́ra àṣejù ni. Láti ọdún 1954 ni òfin ti fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 24 láti ju bọ́ọ̀lù. Àwọn tí wọ́n ti ń sáré láti òwúrọ̀ eré, tí sísáré náà sì mú èrè wá, bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọn a máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí aago yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọn a wá jù ú pẹ̀lú ìkánjú, ọwọ́ alátakò ní ojú wọn. Ta ni ó kọ́ wọn? Olùkọ́ni ni. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ọgbọ́n ni kí a jẹ aago. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àfọwọ́fà ni. Olùkọ́ni náà á sì tún mú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ rẹ̀ jókòó, á ní kí wọ́n sinmi, eré ti parí. Nígbà tí iná bá jó dé orí òrùlé tán, àwọn ọmọ ni yóò sáré yí pápá ká.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, Houston Rockets, ẹgbẹ́ Hakeem Ọlájuwọ́n ọmọ Èkó, fi ayò 20 ṣíwájú Phoenix Suns nílé wọn ní abala ìkẹyìn. Wọ́n pàdánù lẹ́yìn àfikún àkókò, 124 sí 117. Ìwé ìròyìn ìlú wọn gan-an sọ Houston ní ìlú àwọn tí nǹkan há lọ́fun. Kí oṣù Kẹfà tó parí, àwọn ènìyàn kan náà, lábẹ́ olùkọ́ni kan náà, Rudy Tomjanovich, ti borí Phoenix, wọ́n ti borí New York, wọ́n sì ti gba ife ẹ̀yẹ. Kí àwọn oníwàásù sọ fún mi, ọjọ́ wo ni ojo jáde lára Ọlájuwọ́n?