New York sí Èkó Kò Tó Wákàtí 16

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní wákàtí 16 ni bàálù ń lò láti New York dé Èkó, torí ó gbéra ní aago 12 ọ̀sán, ó balẹ̀ ní aago 4 ìdájí. Rárá o. Nígbà òtútù ní New York, wákàtí 6 ni Èkó fi ṣáájú wọn; wákàtí 10 péré ló lò, fún nǹkan bí kìlómítà 8,400. Bí a bá tẹ̀ lé ìṣirò òǹkọ̀wé yẹn, ẹni tó kúrò l'Ékòó lọ́sàn-án gangan, tó dé New York ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ tiwọn, wákàtí 5 ló lò nìyẹn! Wákàtí 11 ni. Afẹ́fẹ́ òkè tó ń fẹ́ wá sí ìlà-oòrùn ló ń mú kí àlọ láti Èkó pẹ́ ju àbọ̀ lọ.

Ti ìrìn orí ilẹ̀ ni òǹkọ̀wé yẹn kò mẹ́nu bà. Ìkòtún sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò tó kìlómítà 20, ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èjìgbò bá dì, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà? Wọ́n ní kí èrò ti dé pápákọ̀ ní wákàtí 3 ṣáájú ìgbéra; ará Ìgàndó aládùúgbò wa, ẹ fi 3 mìíràn kún un.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìkòtún.