Ẹ Má Dín Òfin Àṣírí Aláìsàn Kù

Àwọn kan gbà pé òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ti le jù fún ìwádìí ìṣègùn. Wọ́n ní ó ń dí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, pé kí ìjọba yọ àwọn oníwàádìí sílẹ̀ nínú rẹ̀. N kò gbà. Bí ó bá kù sí ọwọ́ mi, ṣe ni n óò tún mú un le sí i.

Kí ni òfin ọ̀hún tilẹ̀ béèrè? Kí ẹni tó fẹ́ lo àkọsílẹ̀ àìlera tàbí DNA ènìyàn ní ìdí tó bófin mu. Kí ó sì fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, létí láàárín wákàtí 72 bí dátà tó lè pa ènìyàn lára bá jò. Èwo ló le níbẹ̀?

"A ó yọ orúkọ kúrò," ni wọ́n máa ń wí. Ní Lọ́kọ́ja, ní Kogí níbí yìí kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ní a rí àkọsílẹ̀ kan tí kò lórúkọ: obìnrin Ọ̀wọ́rọ̀, ọmọ ọdún 36, tíṣà, Felele ló ń gbé, ó bí ìbejì lọ́dún tó kọjá, ó ní HIV. Aládùúgbò rẹ̀ wo ni kò ní dá a mọ̀ kó tó kà á dé ìdajì?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí gómìnà rí. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1990 sí 2000, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Latanya Sweeney fi ìwé orúkọ àwọn olùdìbò wá fáìlì ìlera William Weld, gómìnà Massachusetts, rí nínú dátà tí wọ́n ní kò lórúkọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ míràn tú àṣírí ènìyàn bí 50 nínú àwọn ìdílé kan ní Utah. DNA tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti àkọsílẹ̀ ìtàn ìdílé ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ará Utah wọ̀nyẹn àti ti àwọn Yorùbá Ìbàdàn ni wọ́n jọ lò fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí DNA tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Gbangba ni dátà wọn wà títí dòní. Ẹyin lohùn lóòótọ́, àmọ́ ẹyin tó fọ́, ojú kan ló ń fọ́ sí. Dátà tó jò ń bí sí i ni.

Ọdún 2023 kan náà tí wọ́n bu ọwọ́ lu òfin yìí ni 54gene kógbá sílé, ilé-iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà fún ìwádìí DNA. Bí irú rẹ̀ bá wó, kí ló kù láàárín ẹ̀jẹ̀ wa àti ẹni tó fẹ́ rà á, bí kò ṣe òfin?

Ẹ má sì sọ fún wa pé òfin ló ń pa ìmọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà kòrónà, àwọn aṣojú NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, wá sí Lọ́kọ́ja. Ìjọba Kogí ní kí wọ́n lọ sé ara wọn mọ́lé fún ọjọ́ 14, ni wọ́n bá gba Àbújá padà. Òfin 2023 kò tíì sí nígbà náà. Ìṣèlú ló ṣe é.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní òfin ń dí lọ́wọ́ gan-an ti ní ọ̀nà àbáyọ. Oníwàádìí lè fi ètò ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, kí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí àpapọ̀ iye nìkan padà sí i, kí fáìlì kankan má ṣí kúrò nílé. Ẹni tí èyí bá ni lára, ọ̀lẹ ni.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní ilé ìwòsàn ńlá àti yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja, ìwé ìwádìí tí kò bá sọ ibi tí dátà yóò wà àti ẹni tí yóò máa rí i, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ìwọ aláìsàn náà, béèrè ohun kan náà kí o tó tẹ ìka sí ohunkóhun.