Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mi ò sì ní gbé e mì. Nípàdé wa tó kọjá, àwọn kan ní kí Nàìjíríà tètè ri ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ lójú òkun, ká fi iná rẹ̀ ṣe gáàsì háídrójìn, ká máa tà á fún Jámánì. Wọ́n ní Dẹ́ńmáàkì ti gbọ́n. Ẹ pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa tèmi.

Ẹ jẹ́ ká wo Dẹ́ńmáàkì yẹn dáadáa. Ní 1991, wọ́n ri ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 11 mọ́nú òkun ní Vindeby, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Iná ilé wọn ni wọ́n fi tàn. Lónìí, afẹ́fẹ́ ló ń pèsè ju ìdajì iná mànàmáná tí wọ́n ń lò. Ìgbà tí wọ́n ṣe èyí tán, ní 2020, ni wọ́n tó fẹnu kò sórí erékùṣù iná méjì: ọ̀kan ní Bornholm, èkejì tí wọn yóò fọwọ́ kọ́ sínú Òkun Àríwá, nǹkan bí kìlómítà 80 sí èbúté. Wọ́n ní àwọn lè fi lára iná ibẹ̀ ṣe háídrójìn. Ní 2023, wọ́n ṣírò, wọ́n rí i pé ti Òkun Àríwá lè ná ìjọba ju bílíọ̀nù 50 kroner lọ. Wọ́n sún un síwájú, títí dòní wọn ò tíì kọ́ ọ. Olówó ń rọra! Àwa tó ń fi iná fóònù kàwé la wá ń sáré.

Háídrójìn kì í ṣe idán. Omi ni wọ́n ń fi iná mànàmáná là: háídrójìn lọ́tọ̀, ọ́síjìn lọ́tọ̀. Kìlógíráàmù kan ń jẹ iná tó nǹkan bí 50 kilowatt-hour, agbára inú rẹ̀ ò ju nǹkan bí 33 lọ. Bí wọ́n bá tún sọ ọ́ di iná padà, ó tún máa dín. Ó wúlò fún iṣẹ́ irin àti ajílẹ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó yó ló ń fi oúnjẹ pọn ọtí.

Àwa ńkọ́? Láti 1999 la ti ń kó gáàsì olómi gba Bonny lọ sókè òkun. Ṣé ó tanná sí yàrá wa? Jẹnẹrétọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lóru. Ní 2021, Jámánì ṣí ọ́fíìsì háídrójìn sí Àbújá. Kò burú, ọmọ tiwọn ni wọ́n ń wá oúnjẹ fún. Ta ló ń wá tàwọn ọmọ tiwa?

Ẹ máa ní kí ló kan akéwì. Ó kàn mí o! Ẹni tí ò lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé ọjà tó ń tà, oníbàárà ló máa dá iye lé e.

Kí afẹ́fẹ́ òkun kọ́kọ́ tanná ilé ìwòsàn àti yàrá ìkàwé wa. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ tà á. Ẹni tó bá ní mo ṣì í sọ, kó gbé gègé, kó fèsì.