Lẹ́tà Tó Bá Ti Di Ọfà Kọ̀ǹpútà, Ta Ló Fẹ́ Kà Á Mọ́?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin! Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò kan òun. Ta ni kì í gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Post Office tàbí ní Tanke lónìí? Lẹ́tà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni o, ìwé iye owó ọjà ni o, ìwé ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ gba fìrídọ́ọ̀mù ni o, kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Ẹ wo àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, ní Òkelele. Nígbà tí amọ̀ bá ṣì tutù, ohun tó wù wọ́n ni wọ́n lè fi mọ. Bí iná bá ti jó o, ó parí. Fáìlì Microsoft Word, tó ti wà láti ọdún 1983, amọ̀ tútù ni. Bí òwú bá gbówó lórí, ẹ ó kàn pa 500 rẹ́, ẹ ó tẹ 800 sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di fọ́tò, wọ́n ti sun ún nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, àfàìmọ̀ kó má tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Ká ní télọ̀ kan ní Tàìwò ra kọ̀ǹpútà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ kí àlùmọ́gàjí tó wà lórí ìwé lẹ́tà rẹ̀ rọ́pò ọfà kékeré tó ń tẹ̀ lé máòsì kiri. Ìyẹn ò burú. CUR ni wọ́n ń pe fáìlì ọfà náà nínú Windows. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n sọ odidi lẹ́tà di CUR, bàìbàì lásán ni yóò bá níbẹ̀. Ọfà tó wọ́pọ̀ kò ju ẹyọ àmì tíńtìntín 32 ní ìbú, 32 ní òró. Gbogbo ẹ̀ 1,024 péré. Ta ló ń kó ẹrù Ọjà Ọba sínú agolo mílíìkì?

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí akọ̀wé kọ̀ǹpútà yọ àwòrán àlùmọ́gàjí nìkan jáde, kó dín in kù, kó sì yan ojú ibi tí yóò máa tọ́ka. Ibì kan ṣoṣo lára ọfà ló ń fọwọ́ kan nǹkan. Ti àlùmọ́gàjí, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ ló dáa jù. Kí lẹ́tà fúnra rẹ̀ sì wà láàyè tirẹ̀.

Èyí tó burú jù ló kù yìí. Ọ̀pọ̀ ibi ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń yí fáìlì padà lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì tó bá ti débẹ̀, ó ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹ̀ka FBI ní Denver, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn gbájú-ẹ̀ ń fi irú ibẹ̀ kó fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà èèyàn, wọ́n sì ń jí nọ́ńbà báńkì àti ọ̀rọ̀ aṣínà kó. Lẹ́tà tí NIN tàbí BVN yín bá wà nínú ẹ̀, ṣé ibẹ̀ ló yẹ kó dé? Owó àjọ ọdún kan lè bá a lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi akọ̀wé kọ̀ǹpútà pé, "Ṣé orí kọ̀ǹpútà rẹ níbí lo ti máa ṣe é, àbí orí íntánẹ́ẹ̀tì?" Bó bá parí, ẹ ní kó fi Word rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú àwòrán náà, kó sì pa tọwọ́ ẹ̀ rẹ́ lójú yín. Bí ẹ ò bá mọ̀wé kà, ẹ mú ọmọ yín tó mọ̀ ọ́n dání.

Ẹ sun ìkòkò tí ẹ fẹ́ sun, ṣùgbọ́n ẹ fi amọ̀ díẹ̀ pamọ́ o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.