Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa ní oúnjẹ sísè, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín tán

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò tó fún ẹni tó di iyọ̀ mú lẹ́bàá iná, tó ń wo fóònù láti mọ iye tí yóò bù.

Ẹ wo "tsp" àti "tbsp" tó kún inú ìlànà oúnjẹ orí ayélujára. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, tó ń gba mílílítà 5. Èkejì ni ṣíbí ńlá, tó ń gba mílílítà 15. Ẹni tó bá ṣì wọ́n mú, ìlọ́po mẹ́ta iyọ̀ ló dà sínú ọbẹ̀ yẹn.

Àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Faransé náà ní tiwọn. "C. à c." ni ṣíbí kékeré, "c. à s." sì ni ṣíbí ńlá. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ se thieboudienne, ìrẹsì ẹlẹ́ja ti Senegal, yóò bá a pàdé láìsí ògbufọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju kí ọbẹ̀ má dùn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí kékeré kan. Àṣìṣe ìlọ́po mẹ́ta kì í ṣe eré fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bákan náà ni "PB", tó dúró fún ẹ̀pà lílọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà lè jẹ ẹ́ láìmọ̀, kí ọ̀fun rẹ̀ wú, kí ó má lè mí dáadáa.

Àwọn kan ní kí ẹni tí kò mọ̀ béèrè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ẹni tó bá béèrè ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú rẹ̀ kò là. Ta ni yóò tún béèrè lẹ́yìn ìyẹn?

Ẹni tó ń kọ́ oúnjẹ sísè lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ń rí ọwọ́ ìyá. Lórí fóònù, lẹ́tà nìkan ló ń rí. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ní kíkún nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi mílílítà tàbí gíráàmù tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ń sè é náà, bí kò bá yé yín, ẹ béèrè kí ẹ tó bu iyọ̀. Iyọ̀ tó bá ti wọ ọbẹ̀ kò ṣeé kó jáde mọ́.